Bí tọkọtaya ṣe lè rìnrìn àjò lópin ọ̀sẹ̀, kí ilé wọn sì jèrè nínú rẹ̀

Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Iṣẹ́ oṣù làwa méjèèjì ń ṣe, a sì mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí tí tọkọtaya kò tíì jókòó sọ ọ̀rọ̀ gidi kan fún ara wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi tó yín létí ni pé ìrìn àjò ọjọ́ méjì máa ń pẹ́ nínú ilé bí ẹ bá yan ìlú tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe nǹkan tí ilé yín nílò, tí ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ óò lò, tí ẹ sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Àmù tí a rà ní Ìpetumodù ṣì ń fún wa lómi tútù títí di òní, láìgba iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà méjì tí mo mọ̀ dáadáa ni n óò mú yín gbà: ọ̀nà Abẹ́òkúta, àti ọ̀nà Ọ̀ṣogbo sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Bí Èkó lẹ wà o, bí Ìbàdàn ni o, méjèèjì ṣeé lọ. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ ohun tí ẹ óò ṣe sí ẹrù tí ẹ bá gbé dé, torí ilé gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ohun rere tí wọ́n fowó rà jẹ́.

Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó yan ìlú

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ jọ yẹ ilé yín wò láti kíṣìnnì dé yàrá. Kí ló ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé omi mímu kì í tutù tí wọ́n bá ti mú iná lọ? Ṣé tòmátì ń jẹrà kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì? Ṣé aṣọ tí ẹ fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti gbó? Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ ibi tí ẹ máa lọ. Ẹni tó ń wá ìkòkò, kó kọjú sí ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹni tó ń wá àdìrẹ, Abẹ́òkúta ni. Ìṣẹ́yìn ni ti aṣọ òkè, Ọ̀yọ́ ni ti igbá fínfín, ẹni tó bá sì ń wá òrí tó dára, kó gba Òkè Ògùn lọ sí ìhà Ṣakí.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ parí rẹ̀ nílé. Kóló kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa. Ẹni tó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ tí ṣéńjì wà lápò rẹ̀ á jù ú sínú rẹ̀, a kì í sì í bi ara wa pé èló ni. Tó bá di ìgbà ìrìn, ẹ pín owó náà sí mẹ́rin: ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, ọjà. Owó ọjà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, torí òun ni oúnjẹ máa ń jẹ tán bí a kò bá ṣọ́ ọ. Kí ó jẹ́ owó lọ́wọ́. Ìyá tó ń ta ìkòkò lẹ́bàá ọ̀nà kò lè máa dúró de alẹ́ẹ̀tì nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ.

Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré, ẹ ti bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó má jẹ́ alẹ́ Fúráìdè ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ sì fi ẹ̀bùn tiwọn sínú ìṣirò ọjà.

Ọjọ́ wo ni kí ẹ lọ?

Ẹ yẹra fún Fúráìdè àkọ́kọ́ nínú oṣù bí ẹ bá máa gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, torí ìsìn Holy Ghost ní Redemption City máa ń kó ọkọ̀ jọ sójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà gba ìbéèrè: àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ya àárọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó àyíká, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọkọ̀ rìn títí tí wákàtí náà yóò fi pé.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ọyẹ́ máa ń bo ojú sánmà láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kìíní. Bí ẹ bá gun Olúmọ nígbà náà, kùrukùru lẹ óò rí níbi tó yẹ kí ẹ ti rí ìlú. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, omi Erin-Ìjẹ̀ṣà máa ń kún, òkúta ibẹ̀ á sì máa yọ̀. Oṣù Kẹwàá àti Ìkọkànlá ni mo yàn láàyò. Òjò ti ń dẹwọ́ nígbà náà, omi ṣì ń rọ́, ojú ọ̀run sì mọ́. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun; ẹni tó bá fẹ́ wo ọdún náà kó lọ, kó sì ti gba ibùsùn ní kùtùkùtù. Ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kó lọ ní oṣù mìíràn.

Ẹ̀yin ará Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ló ti ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 157. Ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta lẹ ti máa wọ̀ ọ́. Ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Ládérìn ni ti Abẹ́òkúta, ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà sì ni ti Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, nítorí náà ẹ fi owó tákísì kún un. Àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra máa ń yí padà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tí ẹ máa lọ gan-an. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń wa ọkọ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ojú yín á sì kojú ara yín.

Iṣẹ́ alẹ́ Fúráìdè

Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì àfi ti fírísà. Ẹ ti gáàsì láti orí sílíńdà, kì í ṣe láti ara sítóòfù nìkan. Ẹ kó pàǹtí jáde. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀ fún aládùúgbò kan, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan nínú ẹbí.

Ohun kan tó yẹ kí gbogbo ilé tó ní fírísà mọ̀ rèé. Ẹ bu omi sí ife kékeré kan, ẹ gbé e sínú fírísà títí yóò fi dì gbagidi, kí ẹ wá gbé owó ẹyọ kan lé orí yìnyín náà. Bí ẹ kò bá rí owó ẹyọ, nọ́ọ̀tì irin kékeré á ṣe é. Tí ẹ bá padà dé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí owó náà bá ṣì wà lókè, oúnjẹ yín kò yọ́, iná tó lọ kò pẹ́. Bí ó bá ti rì dé àárín, iná ti lọ pẹ́ díẹ̀: ẹ yẹ gbogbo ẹran àti ẹja wò dáadáa, kí ẹ sì yára sè wọ́n. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ife, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ pátápátá kó tó tún dì, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dán. Ẹ da ẹran náà nù. Láìsí ife yẹn, ẹ kò ní mọ̀, torí ẹran tó bàjẹ́ tó tún dì kì í rí yàtọ̀ sí èyí tó wà ní àlàáfíà.

Ẹ kó àpò tó ṣófo méjì dání, ìrópò aṣọ, bàtà tó di ilẹ̀ mú, ìró àtijọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún dídi ẹrù, àti téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ẹ óò rí ìwúlò téèpù náà láìpẹ́.

Abẹ́òkúta: òkè láàárọ̀, ọjà lọ́sàn-án

Ẹ ti Ìbàdàn gbéra ní agogo méje. Láàárọ̀ ni kí ẹ gun Olúmọ, kí oòrùn tó mú òkúta gbóná. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹsẹ̀ gùn ún bí orúnkún yín bá gbà, torí ojú ọ̀nà àtijọ́ ló ń kọjá lára ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí. Ọdún 1830 ni wọ́n tẹ̀dó sábẹ́ òkè yìí, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn. Ẹ wo ilẹ̀ inú ihò náà dáadáa: ojú ọlọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan ṣì wà lára àpáta. Mo máa ń dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bí mo ṣe ń dúró lórí òkè lọ. Àwọn obìnrin tó wà nínú ogun, wọ́n ṣì ń wá ohun tí ọmọ máa jẹ lálẹ́.

Lókè, mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun, ẹ óò rí odò Ògùn, ẹ óò rí ilé ìjọsìn St. Peter's ní Aké, àti páànù àtijọ́ tó ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa láti òréré dé òréré. Bí ẹ bá gba ẹnì kan tó ń fọ̀nà han àlejò, ẹ dá iye owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ẹ jẹun, ẹ sinmi, kí ẹ wá lọ sí Ìtòkú lọ́sàn-án. Ọjà àdìrẹ ni, ojú á sì kọ́kọ́ ṣú yín nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ rìn yíká lẹ́ẹ̀kan láìra nǹkan kan. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tó ń ti òkè òkun wá, ti pọ̀ láàárín tọwọ́ṣe, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró. Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ rèé. Ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn: tọwọ́ṣe, aró rẹ̀ mu dé ẹ̀yìn, iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ti ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í hàn tó ti iwájú. Ẹ wá ọnà kan náà níbi méjì lára aṣọ, kí ẹ fi wéra: ọwọ́ èèyàn kì í fa ìlà méjì tó bára mu délẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe ṣì máa ń ní òórùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì lè le lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ẹlẹ́kọ àtijọ́, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú, ó wọ́n, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kí kí ẹ tó béèrè.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá wa."

"Òo, oníbàárà mi. Ẹ wá bù mí lọ́wọ́."

"Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe èyí, àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́?"

Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹni tó ń ta ojúlówó kì í bínú sí i; ṣe ló máa tẹ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ fún yín, tó sì máa sọ ilé aláró tó ti jáde. Ẹ dín owó, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọjọ́ púpọ̀ ni ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ aró.

Téèpù yín dé báyìí. Yáàdì 5 ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀, íǹṣì 180 nìyẹn. Bí ìbú aṣọ náà bá tó íǹṣì 45, ẹ gé e sí méjì ọgbọọgba, kí télọ̀ rán ẹ̀gbẹ́ gígùn wọn pọ̀: ẹ ti ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 90 ní gígùn àti ní ìbú. Ìyẹn máa bo bẹ́ẹ̀dì onífọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6, yóò sì tún wọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ wọn ìbú náà kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílùú, ẹ ra láfún. Èyí tó dára funfun, ó fúyẹ́, ó sì gbẹ. Ẹ fún díẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ ṣí ọwọ́: bí ó bá tú ká, ẹ rà á, bí ó bá dì pọ̀ bíi ìyẹ̀fun tó mu omi, ẹ fi sílẹ̀, kò ní pẹ́ bu.

Ọ̀ṣogbo sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ gba Ìpetumodù bọ̀ wálé

Ìrìn yìí rí bí òrùka. Ẹ gba Gbọ̀ngán wọ Ọ̀ṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ẹ gba Iléṣà dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ wá gba Ifẹ̀ àti Ìpetumodù padà. Ẹrù tó wúwo ló yẹ kó gbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà á láti apá yẹn.

Ní Aṣèjírẹ, ẹja odò ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Ní Ìkirè, dòdò Ìkirè ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n kọjá àlà tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì dín nínú epo títí tó fi dúdú. Ẹ ra tiyín ní àlọ, kí ẹ sì ra ti ìyá àgbà ní àbọ̀.

Igbó Ọ̀ṣun, ẹ fara balẹ̀ fún un. Nǹkan bí héktà 75 ni, ọdún 2005 ni UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé. Àwọn ère ńláńlá tó wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwọn ará ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa jọ mọ láti mú igbó náà dúró nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gé e. Ó kú ní ọdún 2009. Ibi ìjọsìn ni títí di òní, ẹsìn yòówù kí ẹ máa ṣe. Ẹ rọ ohùn yín, ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ igbó náà kò bẹ̀rù èèyàn. Ẹ fi oúnjẹ sínú àpò tó ti pa. Ẹ má mu omi odò náà. Wíwa wúrà tí wọ́n ń ṣe lápá òkè odò ti sọ àwọ̀ rẹ̀ di ẹrẹ̀, ó sì yẹ kí ó dun gbogbo wa.

Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹ dé ibẹ̀ kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ìpele méje ni Olúmirin, omi tó ń já láti orí àpáta níbẹ̀, ní. Èkínní rọrùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dúró sí. Bí ẹ bá lè gòkè dé ìkejì, èrò á dín, ẹ óò sì rí àpáta tí ẹ̀yin méjèèjì lè jókòó sí tí omi á máa fọ́n sí yín lára. Ọ̀nà òkè ga gan-an, gbòǹgbò igi ni ẹ óò máa dì mú; ẹ má lọ kọjá ibi tí ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ láìgba ìrànlọ́wọ́. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá.

Ó kù sí Ìpetumodù. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ni kí ẹ fi wọlé bí ẹ bá bá wọn lẹ́nu amọ̀. Oríṣi méjì ni kí ẹ béèrè: àmù fún omi, àti ìṣaasùn fún ọbẹ̀. Bí ẹ bá ń yan àmù, ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi oríkèé ìka kàn án: tí ó bá dún gooro, ó dára, tí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sí oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ọ̀dà yẹn máa dí ojú ihò tó ń mú omi tutù. Àmù tó gba bí gálọ́ọ̀nù mẹ́ta tó fún ènìyàn méjì.

Ẹ ra ìkòkò méjì kún un bí tòmátì bá ń jẹrà nílé yín (n óò sọ bí ẹ ṣe máa lò wọ́n níwájú): ńlá kan, àti kékeré tó lè wọ inú rẹ̀ kí àyè tó nípọn bí ìka mẹ́ta ṣẹ́kù láàárín wọn. Ẹ fi ìró wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí wọn kò ti lè yí. Inú búùtù kò dára fún wọn.

Nígbà tí ẹ bá délé: àmù

Ẹ fi omi àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ láìlo ọṣẹ, torí amọ̀ máa ń fa ọṣẹ mu, omi yín á sì máa rùn ún. Ẹ pọn omi kún un, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi náà sí ìdí òdòdó, kí ẹ tún pọn òmíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí òórùn amọ̀ yóò fi dínkù dé ibi tó tẹ́ yín lọ́rùn. Àwa kò jẹ́ kó tán pátápátá, ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù bí ara àmù bá ń làágùn. Omi ń gba ojú ihò tíntìntín inú amọ̀ jáde sí ìta, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, bó ṣe ń lọ ló ń kó ooru inú omi dání. Nítorí náà ibi tí ẹ gbé e sí ló máa pinnu bí yóò ṣe tutù tó. Abẹ́ fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, níbi tí oòrùn kò dé, ló dára jù. Ẹ bu yanrìn sínú abọ́ tó fẹ̀, ẹ gbé àmù jókòó lé e. Òṣùká náà ṣeé lò. Ẹ fi àwo bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ ní ohun kan pàtó tí ẹ ń fi bu omi, ahá tàbí ife ọlọ́wọ́ gígùn, kí ẹnikẹ́ni má máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àmù kì í pa kòkòrò àìsàn. Omi tó ti ṣeé mu, tí ẹ ti sè tàbí tí ẹ sẹ́, ni kí ẹ dà sínú rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ àti kànrìnkàn fọ inú rẹ̀, kó gbẹ kí ẹ tó tún pọn omi sí i. Bí ìta rẹ̀ bá ti ń funfun tí kò sì làágùn mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle ha á.

Ìkòkò inú ìkòkò, fún ẹ̀fọ́ àti tòmátì

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ló sọ èyí di ohun tí ayé mọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹ da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ẹ gbé kékeré sínú rẹ̀, ẹ da yanrìn sí àárín àwọn méjèèjì títí dé ọrùn. Ẹ bu omi sí yanrìn náà kó rin gbingbin. Ẹ kó tòmátì, ata, tàbí ẹ̀fọ́ gbígbẹ ojú, ìyẹn èyí tí omi kò sí lára rẹ̀, sínú ìkòkò inú, kí ẹ fi àkísà tútù mímọ́ bo ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ tún omi bu sí yanrìn.

Ní ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ti ń lò ó, ìròyìn sọ pé ikàn tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 lo ọjọ́ 27. Tiwa nílẹ̀ Yorùbá kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ wa lọ́rinrin. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tòmátì wa ń kọjá ọ̀sẹ̀ kan láìrọ̀. Nígbà òjò, ẹ má retí púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ẹran tàbí ẹja sínú rẹ̀ nígbàkígbà.

Ìṣaasùn

Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi ògì sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí iná kékeré kó hó wọ́ọ́wọ́ fún bí ìdajì wákàtí. Sítáàṣì inú ògì náà á dí ojú ihò rẹ̀. Kó tutù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, iná kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ má sì da omi tútù sínú rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ẹ̀gúsí tó jinná nínú ìṣaasùn máa ń gbóná pẹ́ lórí tábìlì, ẹni tó bá pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́ á sì bá a bẹ́ẹ̀.

Àdìrẹ àti láfún

Ìfọ̀ àkọ́kọ́, òun nìkan, nínú omi tútù, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le. Aró máa yọ, kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ má rẹ ẹ́ sílẹ̀ pẹ́, ẹ má lo bílíìṣì, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó sá a sí ibòòji. Títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ má sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun.

Láfún, ẹ tẹ́ ẹ sínú atẹ́ nínú oòrùn fún wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé, kó tutù kí ẹ tó dà á sínú ike tó ní ìdérí líle. Bí ẹ bá kó o sínú ike nígbà tó ṣì gbóná, ó máa làágùn, á sì bu. Bí ẹ bá fẹ́ rò ó kó má ní kókó, ẹ pò díẹ̀ pẹ̀lú omi tútù, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí ẹ wá máa fọ́n gbígbẹ tó kù sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń rò ó.

Ẹ̀wà tí ẹ bá rà lójú ọ̀nà

Ẹ̀wà ojú ọ̀nà kì í wọ́n tó ti ìgboro, kòkòrò ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò sí i, májèlé ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper, ọ̀kan nínú oògùn apakòkòrò bẹ́ẹ̀, lọ́jà àti ní sùpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò nílò oògùn kankan. Ẹ fi eyín fọ́ hóró kan: tí ó bá fọ́ kà, ó ti gbẹ tó, tí eyín bá wọ inú rẹ̀, ẹ tún sá a. Ẹ ṣà á, kí ẹ dà á sínú ìgò omi oníke tó mọ́ tó sì gbẹ, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kó kún dé ẹnu gan-an, kí àyè má ṣẹ́kù, kí ẹ wá dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú, ẹyin rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà dàgbà. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú àpò PICS, àpò ìpamọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń lò. Ìgò kéékèèké ló dára ju ike ńlá kan lọ, torí ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dé e sára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó pẹ́ jù.